Ohun Tí Igi Ṣábẹ̀ẹ́ Ń Kán Sórí Ọkọ̀

Láti Bohicon sókè ni igi ti ń gba ẹ̀bá títì lọ́wọ́ ilé. Ní ìsàlẹ̀, láti Kútọnu dé Àláàdà, ọjà àti ṣọ́ọ̀bù ló tò lọ́tùn-ún lósì, ọ̀pẹ sì wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Ìdáàṣà, òkè olókùúta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ilẹ̀ á pupa sí i, máńgòrò àti kajú á sì pọ̀ débi pé èèyàn kò ní í mọ ibi tí oko parí sí tí abúlé ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún la gba ibẹ̀ kọjá. Kajú ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, máńgòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Lásìkò yẹn, abẹ́ igi ni ayé ń gbé níbẹ̀. Abẹ́ igi ni wọ́n ti ń dirun, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń ta ayò, ibẹ̀ náà ni àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti ń na ẹ̀yìn, ọkọ̀ wọn á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, gíláàsì iwájú rẹ̀ á kún fún àmì wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú oòrùn. Ohun tó ń kán láti orí àwọn igi yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú Yorùbá kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ kúrò lára ọ̀dà láìba ọ̀dà jẹ́, mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ nílẹ̀ wa mọ ohun tí ọkùnrin yẹn mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ọkọ̀ tí a gbé lọ, Camry dúdú kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì fẹ́ràn gan-an. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni ìyàwó rẹ̀, àwọn òbí ìyàwó sì ti ń ránṣẹ́ tipẹ́ pé kí wọ́n kó àwọn ìbejì wá kí àwọn rí wọn. Láti Ìbàdàn la ti gbéra, a sì gba Sẹ̀mẹ̀ wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. N kò ní í fi ọ̀rọ̀ bodè dá ẹnikẹ́ni dúró. Ìwé ọkọ̀ pé, Brown Card tó jẹ́ ìwé adójútòfò ti ECOWAS wà lọ́wọ́, sùúrù náà sì wà. Láti bodè lọ ni a ti ń rí kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n rọ sínú ìgò tí wọ́n sì tò sórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ fi kpayo yìí sọ́kàn, nítorí ẹnìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á sórí ọkọ̀ wa.

Ṣábẹ̀ẹ́ tó bíi kìlómítà 250 sí Kútọnu. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn débẹ̀ kò nílò ògbufọ̀. Ohùn wọn yàtọ̀ sí tiwa, wọ́n sì ń fi Faransé há àárín ọ̀rọ̀ níbi tí àwa ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì há a, ṣùgbọ́n Yorùbá ni, ìkíni wọn sì gùn ju tiwa lọ. Àwọn òkúta ńlá tó yọrí sókè lórí ìlú náà ni ojú kọ́kọ́ ń rí, àwọn tó fẹ́ràn gígun òkè sì máa ń wá síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ilé iṣẹ́ ṣúgà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ wà lágbègbè náà. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ọkàn mi nínú agboolé àna ẹ̀gbọ́n mi ni igi máńgòrò tó wà láàárín rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ tóbi ju ohun tí èèyàn méjì lè fi apá gbá mọ́ra lọ, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì bo ìdajì àgbàlá.

A dọ̀bálẹ̀, a kí wọn, wọ́n fún wa lómi mu. Kí a tó jókòó dáadáa ni Bàbá, bàbá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ti bojú wo ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ gbé mọ́tò yín sábẹ́ máńgòrò jàre. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa á."

Kò sí àlejò tó ń kọ ibòji. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sábẹ́ igi, ibẹ̀ ló sì sùn mọ́jú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì náà fínnífínní. Ohun tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ní gbogbo orí ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ni àmì kéékèèké tí kò tó orí abẹ́rẹ́ wà, wọ́n ń dán, ìka sì ń lẹ̀ mọ́ wọn bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Lórí búùtù, níbi tí máńgòrò kan ti já bọ́ lóru, omi kan ti ta sílẹ̀ láti ọrùn èso náà, ó ṣàn wálẹ̀, ó sì ti ń di àwọ̀ ilẹ̀ ní etí. Lẹ́bàá gíláàsì iwájú ni ẹ̀kẹta wà. Kókó kan tó tó èékánná ọwọ́, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo gbójú sókè, mo sì rí ibi tó ti kán wá: ẹ̀ka tí àwọn ọmọdé so okùn jangilọ́fà mọ́ ti bó léèpo, oje sì ń ti ojú egbò náà jáde.

Àwọn ọmọ ilé ti yí ọkọ̀ ká. Gbogbo wọn ló fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, gbogbo wọn ló sì ní oògùn tiwọn. Ọ̀kan ti ń sáré lọ ra kpayo pé kí a fi rẹ àkísà. Ìkejì ní bíléèdì ló máa há a kúrò. Ìyá àna dábàá kẹrosíìnì, ẹlòmíì sì ti bu eérú wá pẹ̀lú kànrìnkàn. Inú rere ló mú wọn sọ ọ́, àwa náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Ní Ìbàdàn, mo ti rí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí igi kò ṣe ní nǹkan kan, tó jẹ́ pé ọwọ́ tó ń nu oje igi kúrò ló bà á jẹ́ títí ayé.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ara ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀dà kan ṣoṣo. Irin ló wà nísàlẹ̀, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dènà ìpẹtà bò ó, àwọ̀ tí ojú ń rí tẹ̀lé e, kí ohun tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà tó wá bo gbogbo rẹ̀. Kílíà yìí ló ń dán. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1000, kílíà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ju bíi 50 nínú rẹ̀ lọ. Irun orí èèyàn sábà máa ń nípọn jù ú lọ. Oje tó kán sórí rẹ̀ lálẹ́ kò tíì ṣe é ní nǹkan. Ìgbà tí oòrùn bá mú un ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú nínú oòrùn ọ̀sán ilẹ̀ wa lè gbóná kọjá 60 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì. Kílíà á rọ̀ díẹ̀, oje á máa gbẹ, á máa súnkì, bó sì ṣe ń súnkì ni yóò máa fa kílíà tó lẹ̀ mọ́. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, a lè yọ oje náà tán kí ojú rẹ̀ ṣì hàn lórí ọ̀dà. Ìdí nìyẹn tí kíákíá fi dára. Ṣùgbọ́n kíákíá yàtọ̀ sí ìwàǹwára. Eruku pupa ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ kún fún iyanrìn wẹ́wẹ́, iyanrìn sì le ju kílíà lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fi àkísà gbígbẹ nu ọkọ̀ tí eruku bò, iyanrìn ló ń fi ha ọ̀dà ara rẹ̀.

Bàbá ló dá gbogbo wọn dúró. Wọ́n ní kí ẹnìkan lọ pe bùrọ̀dá tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Parakú wá. Tólíè ni, iṣẹ́ tí páńẹ́lì bítà àti pẹ́ńtà ń ṣe nílùú wa ló ń ṣe. Ó dé pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì, tówẹ̀lì díẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi rọ̀, àti ọṣẹ olómi. Ó kí Bàbá tán, ó yí ọkọ̀ po, kò sì fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ ló bá a wá láti ilé iṣẹ́, àbí ẹ ti tún ibì kan kùn?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní fẹ́ńdà òsì ni wọ́n tún kùn ní Ìbàdàn lẹ́yìn tí ọ̀kadà kan kọ lù ú. Bùrọ̀dá náà mi orí, ó ní ó dáa bí òun ṣe bèèrè. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ máa ń yan ọ̀dà nínú ààrò tó gbóná tó bíi 140 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì fún bíi ìdajì wákàtí, ọ̀dà náà á sì jinná, á le. Ọ̀dà tí a fi tínà pò lẹ́bàá títì tí a wá jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ kì í jinná bẹ́ẹ̀. Tínà àti kpayo lè tún un tú padà. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ pàápàá kò fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dà àtúnkùn bẹ́ẹ̀ kò ní agbára kankan láti bá wọn jà. Nílẹ̀ wa níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ tí wọn kò tíì tún kùn rí ṣọ̀wọ́n, mo gbà pé ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ohun tí a bá fẹ́ dà sórí ọkọ̀.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì láti mọ̀ bóyá ó ti ń gbóná. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ kúrò lábẹ́ igi lọ sí ibòji ògiri, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè máa fọ ohun tó ṣì ń kán. Níbẹ̀ ló ti da omi sí i láti òkè wá sílẹ̀, omi púpọ̀, kò fi nǹkan nù ún, kí eruku lè bá omi lọ. Lẹ́yìn èyí ló rẹ tówẹ̀lì sínú omi ọṣẹ, kò fún un, ó sì tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kúrò níbẹ̀. Ó lọ jókòó ti Bàbá, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ oko. Èmi ni mo dúró ti tówẹ̀lì náà, mò ń retí ìgbà tí yóò wá fọwọ́ ra á. Kò wá. Nígbà tó yá, ó ká tówẹ̀lì náà kúrò, ó sì tún da omi sí i. Gbogbo àmì wẹ́wẹ́ yẹn ti lọ. Kókó pupa ẹ̀bá gíláàsì kò mira.

"Èyí tó lọ yẹn, kì í ṣe oje igi," ló wí. "Kòkòrò ló ń yà á sílẹ̀. Ṣúgà ni, omi ti tó o."

Bàbá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ìgbà kan wà tí igi tí a ń wò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ di igi ìdáná. Ewé rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń kán tọ̀sántòru, kò sí ẹni tó lè jókòó lábẹ́ rẹ̀, èso tó bá sì so kò tó nǹkan. Àwọn aládùúgbò gé tiwọn. Bàbá tiwọn, tó gbin igi náà, ló kọ̀ pé wọn kò ní í gé e lójú òun.

Ohun tí Bàbá ń sọ ti wà nínú ìwé. Kòkòrò funfun kékeré kan tó ń fa oje láti ara ewé ló fà á. Éṣíà ló ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló yọ sí agbègbè Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi dé Nàìjíríà. Rastrococcus invadens ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un ní 1986. Oje tó ń fà pọ̀ ju èyí tó lè lò lọ, ṣúgà inú rẹ̀ ló sì ń yà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ebu dúdú á wá hù lórí ṣúgà náà, á bo ewé, ewé kò sì ní í rí oòrùn gbà mọ́. Oògùn apakòkòrò kò ran igi tó ga bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n rí ni agbọ́n kan tí kò tó mìlímítà méjì, tó máa ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò yẹn, tí ọmọ rẹ̀ á sì jẹ kòkòrò náà láti inú. Gyranusoidea tebygi ni wọ́n ń pe agbọ́n yìí. Íńdíà ni wọ́n ti mú un wá. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1987, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ibùdó ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA tó wà ní Kálávì, tí a kọjá lójú ọ̀nà wa láti Kútọnu, kó ipa ńlá nínú iṣẹ́ náà. Antoine Bokonon-Ganta, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó mọ̀ nípa kòkòrò, àti àwọn méjì mìíràn gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 2002. Wọ́n fojú bù ú pé owó tí wọ́n ná sí i kò tó mílíọ̀nù 4 dọ́là, nígbà tí èrè rẹ̀ fún ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láàárín 20 ọdún lé ní 500 mílíọ̀nù.

Kòkòrò náà kò tán o. Ó kàn dín kù débi pé igi lè so, tí ìdílé sì lè jókòó lábẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló kán sórí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lóru. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí tán, n kò tún lè wo àmì wẹ́wẹ́ yẹn ní ohun tó ń bí mi nínú. Igi tí kì bá sí mọ́ ló ń kán.

Ó ku omi ọrùn máńgòrò tó wà lórí búùtù. Gbogbo ẹni tó bá ti já máńgòrò rí mọ̀ pé omi yẹn máa ń ta jáde pẹ̀lú agbára bí ọrùn èso bá ṣẹ́, ó sì lè jó èèyàn létè. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ohun méjì ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá gbà á sínú ìgò tí a sì jẹ́ kó tòrò, òróró á léfòó, omi tó fà á wà nísàlẹ̀. Omi àti ọṣẹ ti mú apá kan lọ, òróró rẹ̀ ló ṣẹ́ kù tó ń dán lórí búùtù. Èyí ni omi kò lè tú. Bùrọ̀dá náà rán mi lọ sí fàmasí tó ní àgbélébùú aláwọ̀ ewé lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n bèèrè álíkọ́ọ̀lù 70. Ohun tí wọ́n fi ń nu ojú egbò ni, ó sì wọ́pọ̀ ní fàmasí ilẹ̀ tó ń sọ Faransé. Ní Nàìjíríà, sípíríìtì tí a fi ń nu ara kí wọ́n tó gún wa lábẹ́rẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà, bí a bá rọra lò ó.

Kó tó fi kan búùtù rárá, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi díẹ̀ sára ọ̀dà inú etí ilẹ̀kùn níbi tí ojú kì í dé, ó dúró, ó sì wo aṣọ funfun tó fi nù ún. Aṣọ náà ṣì funfun. Ìgbà yẹn ló tó rẹ apá kan aṣọ náà, ó gbé e lé ojú ibẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́ láìfi ra. Ó tó ìdajì ìṣẹ́jú. Nígbà tó gbé e kúrò, àwọ̀ ilẹ̀ ti wọnú aṣọ. Ó yí aṣọ síbi tó mọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò padà sí ojú aṣọ kan lẹ́ẹ̀mejì, nítorí oje tó bá ti kúrò lára ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tún padà síbẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí álíkọ́ọ̀lù má bàa pẹ́ lórí ọ̀dà.

Kókó pupa náà ló gba àkókò jù. Álíkọ́ọ̀lù kò lè wọ inú rẹ̀ kíákíá torí ó ti dì. Ìyá àna ló yanjú ìyẹn, láìmọ̀. Wọ́n gbé igbá òrí jáde láti fi pa àwọn ìbejì lára, bùrọ̀dá náà sì tọrọ díẹ̀. Ilẹ̀ igi òrí ni agbègbè náà, òrí kì í wọ́n nílé ẹnikẹ́ni. Ó fi ìka bù ú lé kókó náà, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ní kí a lọ jẹun. Ọ̀rá máa ń mú oje tó dì rọ̀, òróró náà á ṣe é, ṣùgbọ́n òrí kì í ṣàn kúrò. A jẹ iyán tán, a padà wá, èékánná lásán ló fi tì í láti ẹ̀gbẹ́, kókó náà sì yẹ̀ kúrò lódidi. Ojú ibẹ̀ ṣì ń lẹ̀ díẹ̀. Álíkọ́ọ̀lù ló fi parí ìyẹn, lẹ́yìn náà ọṣẹ, lẹ́yìn náà omi.

Fẹ́ńdà òsì ló wá kàn. Oje máńgòrò ti ta sí ibẹ̀ náà. Ó gbé aṣọ olómi álíkọ́ọ̀lù lé e fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó gbé e kúrò, ó sì fi hàn wá. Aṣọ náà dúdú. Kì í ṣe àwọ̀ oje, àwọ̀ ọkọ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó kùn ún kò fi kílíà bò ó," ló wí. "Ọ̀dà fúnra rẹ̀ ni mò ń fọwọ́ kàn yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ó ti sanwó kílíà. Bùrọ̀dá náà gbé álíkọ́ọ̀lù kúrò pátápátá. Òrí nìkan ló lò níbẹ̀, ó fi sí i, ó nù ún, ó tún fi sí i, títí ọ̀sán fi pọ́n. Púpọ̀ nínú oje náà kúrò. Ojú kan ṣẹ́ kù tó tó owó ẹyọ 100 séfà, tó ti jẹ ọ̀dà wọlé. Ó ní òun lè fi sándípépà 2000 àti omi rin ín, kí òun fi kọ́m̀páùǹdù dán an, ṣùgbọ́n níbi tí kò sí kílíà, àwọ̀ gan-an ni òun máa rin kúrò. Ó ní kí a fi sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá máa tún un kùn dáadáa. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an níbẹ̀ yẹn. Owó wà nínú iṣẹ́ tó kọ̀ láti ṣe yẹn.

Ó fi wáàsì parí gbogbo rẹ̀. Ó ní oje tó bá tún kán yóò bá wáàsì kó tó bá kílíà. Álíkọ́ọ̀lù máa ń bó wáàsì tó wà tẹ́lẹ̀ kúrò, nítorí náà kò dára kí a lo ọ̀kan láìfi èkejì tẹ̀lé e. Lára agolo náà ni mo ti kà á pé kanọ́bà wà nínú rẹ̀. Ara ewé ọ̀pẹ kan ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Bùràsíìlì ni wọ́n ti ń gbọn kanọ́bà. Agbègbè yẹn náà ni kajú ti wá. Àwọn Potogí ló gbé kajú kọjá òkun wá sí Áfíríkà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ó wá di pé ohun ọ̀gbìn Bùràsíìlì ló ń gba ọ̀dà Camry lọ́wọ́ igi Éṣíà nínú agboolé Yorùbá kan ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá mú wa lọ wo oko kajú wọn. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí kan náà ni kajú àti máńgòrò. Gọ́ọ̀mù tó ń ti èèpo igi kajú jáde máa ń wú tí omi bá kàn án, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sì ń tú u. A dán an wò nínú kọ́ọ̀bù. Ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù ni òróró tó wà nínú èèpo kóró rẹ̀, tó máa ń bó ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń pa á. Kò yẹ kí àpò kajú tútù tí kóró rẹ̀ ti fọ́ wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni. Bàbá ń ṣàròyé lórí iye tí wọ́n ń ra kajú lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tútù jáde nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024, kí àwọn ilé iṣẹ́ ní Glo-Djigbé lè máa pa á nílé. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ ń bẹ fún àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀. Owó ọwọ́ tiwọn ni wọ́n ń rò.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a sùn ní Ìdáàṣà. Máńgòrò wà nínú ọgbà ilé ìtura náà, ẹ̀gbọ́n mi sì tún gbé ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀ láìjanpata. Ní ìdájí, ọlọ́dẹ ibẹ̀, bàbá àgbà kan tó ń sọ Yorùbá Ìdáàṣà, ti mú àkísà gbígbẹ, ó ti ń bọ̀ wá bá wa nu ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sáré bá a, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì rọra gba àkísà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Omi ni kí ẹ bá wa wá."

Ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi kan wá. A da á sí i, a tẹ́ tówẹ̀lì lé e, a dúró. Kí oòrùn tó yọ lórí òkè, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti mọ́. Ọlọ́dẹ náà wò ó, ó kan tówẹ̀lì, ó sì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí a jọ̀wọ́ bá òun dé ẹ̀yìn ilé, pé ọkọ̀ funfun ọ̀gá òun wà níbẹ̀, ohun kan ti kán sí i, òun sì ti ra kpayo sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi mú ìgò álíkọ́ọ̀lù àti òrí tó ṣẹ́ kù nínú búùtù, a sì tẹ̀lé e. Bí a ṣe ń lọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń bi í bóyá wọ́n ti tún ọkọ̀ náà kùn rí, àti irú igi tó wà lórí rẹ̀.